Bàtà Onítáyà Kì í Ṣe Ọkùnrin

Àwọn oníbàárà Àǹtí Gbígbóná máa ń sọ pé áyọ́ọ̀nù tó fi ń lọ aṣọ ló fún un lórúkọ yẹn. Irọ́ ni, wọ́n sì mọ̀ pé irọ́ ni. Áyọ́ọ̀nù a máa tutù bí wọ́n bá yọ wáyà rẹ̀ kúrò lára iná. Obìnrin yìí kò ní wáyà tí ẹnikẹ́ni lè yọ. Bí èèyàn bá gbàgbé bírò sínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì, tí yíǹkì sì tú sára aṣọ ẹlòmíràn, kò ní pè é sí kọ́lọ́fín kó tó sọ ọ́. Ojú gbogbo ayé ni yóò ti gbé bírò náà sókè, yóò ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ni eléyìí? Àbí ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ ìfọṣọ mi bá yín kọ lẹ́tà ni?" Onítọ̀hún á rẹ́rìn-ín ìtìjú, á gba aṣọ rẹ̀, á sì tún kó òmíràn wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì tí ọwọ́ obìnrin yìí bá ti kàn, eṣinṣin tó bá bà lé e á yọ̀ ṣubú.

Inú ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ náà ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé òun fi ọwọ́ kan rọbí, òun fi ọwọ́ kejì lọ kọ́là. Ẹ yọ àbùmọ́ ibẹ̀ kúrò, òótọ́ á ṣẹ́kù. Yàrá gbọọrọ kan ni, fèrèsé rẹ̀ kì í gbẹ nítorí oru omi gbígbóná. Tábìlì gígùn wà láàárín, wọ́n tẹ́ búláńkẹ́ẹ̀tì lé e, búláńkẹ́ẹ̀tì ọ̀hún sì ti jóná káàkiri. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n to páálí sí, àwọn páálí funfun pẹlẹbẹ tí wọ́n ń ká ṣẹ́ẹ̀tì lé kó má baà rún. Búlúù tí wọ́n fi ń mú kí aṣọ funfun tàn wà nínú agolo. Ìgò yíǹkì pupa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń sàmì sábẹ́ kọ́là kí aṣọ Lágbájá má baà di ti Tàmẹ̀dù. Níbẹ̀ ni ọmọ náà ti kọ́ ìrìn, ibẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́, ibẹ̀ náà ló wà tó fi fẹ́ ọkọ kan tó ní òun kò lè máa bá iná sùn, tó sì bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ sílé ọkọ. Kò bẹ ẹnikẹ́ni.

Ìbínú rẹ̀ pọ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò sì nídìí. Ṣùgbọ́n èyí tí a fẹ́ sọ yìí nídìí.

Bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí àwọn tó ń pín ìwé ìròyìn àti kọ́míìkì, ìwé ìtàn aláwòrán, fún àwọn tó ń tà á. Iṣẹ́ bàbá náà ya èèyàn lẹ́nu: yíya èèpo ìwé ni. Ìwé tí kò bá tà, ilé ìtẹ̀wé kì í gba odindi rẹ̀ padà, nítorí ẹrù á wúwo jù. Èèpo iwájú nìkan ni wọ́n ń gbà, kí wọ́n fi mọ̀ pé lóòótọ́ ni kò tà. Bàbá á fa èèpo ya, á kó o jọ, á ju ìyókù sí apá kan kí ọkọ̀ wá kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kúnná. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìkankan lọ sílé. Bàbá gbọ́ òfin náà dáadáa. Ó ń rántí rẹ̀ lójoojúmọ́ bó ṣe ń ki kọ́míìkì bọ inú ṣòkòtò, tó ń fi bẹ́líìtì há a mọ́ ikùn.

Bí àwọn ọmọ alágbàfọ̀ ṣe di ọlọ́rọ̀ kọ́míìkì nìyẹn, kọ́míìkì aláìlórí. Inú àwọn ìwé náà, dúdú àti funfun lásán ni, ìtẹ̀wé ọ̀pọ̀. Èèpo nìkan ni wọ́n ń fi àwọ̀ sí, èèpo yẹn gan-an sì ni bàbá ń ya. Kò sí ọ̀kan tí àwọn ọmọ náà fojú rí.

Àwọn akọni inú wọn ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìbínú sí ẹ̀gbẹ́ kan ná, ká sọ ti wọn, nítorí ayé ti gbàgbé wọn, ayé ò sì ṣe dáadáa. Àwọn tó ń ṣe ìwé wọ̀nyẹn kò ní ìtìjú kankan. Ohunkóhun tí àwọn ọ̀dọ́ bá ń ya wèrè lé lórí lọ́dún náà, kíá, wọ́n á ti sọ ọ́ di akọni. Lọ́dún tí gbogbo ayé ń jó dískò, wọ́n gbé Ọ̀gá Dískò jáde, ọkùnrin tó de bọ́ọ̀lù onídíńgí mọ́rí. Bí iná bá ti tàn sí bọ́ọ̀lù yẹn, ojú àwọn olè á fọ́. Ṣùgbọ́n iná gbọ́dọ̀ tàn o. Nítorí náà, gbogbo olè ìlú yẹn, kí wọ́n tó jalè, wọ́n á kọ́kọ́ lọ gé wáyà iná. Lọ́dún tí àwọn olórin onílasipíkà gbòde, Olóhùn Irin dé. Bó bá fi ohùn òkè kọrin, ògiri á wó, eyín olè á gbọ̀n dà sílẹ̀. Òun náà kò gbọdọ̀ mu omi tútù, ohùn rẹ̀ á ha, bẹ́ẹ̀ sì rèé, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó omi tútù.

Ọ̀gá gbogbo wọn ni Bàtà Onítáyà. Ó jáde lọ́dún tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ bàtà tó ní táyà lábẹ́, tí wọ́n ń fi yọ̀ kiri títì. Akoto bo gbogbo orí rẹ̀ dé ọrùn, kì í ṣí i, ẹnikẹ́ni kò mọ ojú rẹ̀. Bó bá ń sáré, mọ́tò ò lè bá a. Àbùkù kan ṣoṣo ló ní: kò lè gun àtẹ̀gùn. Bí olè bá ti sá gorí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó parí. Bàtà Onítáyà á dúró nísàlẹ̀, á máa bú u. Ìwé á ṣí, ìwé á pa dé, akọni á ṣì máa bú olè láti ìsàlẹ̀, olè á máa dá a lóhùn láti òkè, títí ebi á fi pa olè, tí á sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun. Àwọn ọmọ náà á rẹ́rìn-ín títí ìyá wọn á fi ju ṣẹ́ẹ̀tì tútù lù wọ́n.

Bùrọ̀dá ni àkọ́bí àwọn ọmọ yìí. Àǹtí Gbígbóná ló tẹ̀lé e, ìgbà yẹn kò tíì gbóná, ọmọbìnrin eléjìí kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélẹ̀ ni. Àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń rá nílẹ̀, òun ló padà di onígbàjámọ̀. Bùrọ̀dá kò gbà kí kọ́míìkì máa wà láìlórí. Ó ní ìwé tí kò léèpo dà bí ẹni tó jáde láìwọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì jẹ́ ọmọ alágbàfọ̀, ojú ò lè gbà á. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jí páálí ìyá rẹ̀, ó ń ya àwòrán èèpo tirẹ̀ sí i, ó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán an mọ́ ìwé. Ohun tó bá lọ́wọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ló fi ń kùn ún, búlúù aṣọ àti yíǹkì pupa. Nítorí náà, gbogbo akọni ilé yẹn, búlúù àti pupa ni wọ́n ń wọ̀. Lórí èèpo Bàtà Onítáyà, ó ṣe ohun tí àwọn oníwèé kò ṣe. Ó ṣí akoto. Ojú àbúrò rẹ̀ obìnrin ló wà lábẹ́ rẹ̀, tòun ti irun dídì, tòun ti èjí.

"Ṣé èmi rè é?" ni ọmọ náà bi í.

"Ta ló tún ń sáré bẹ́ẹ̀ nínú ilé yìí, tó sì ń bú èèyàn?" ni bùrọ̀dá dá a lóhùn.

Ohun kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin yẹn ń tọrọ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀: kó jẹ́ kí òun rí ojúlówó èèpo kan, ẹyọ kan péré, òun á dá a padà láàárọ̀. Bàbá ní wọ́n ń ka èèpo, wọ́n á mọ̀ bó bá dín. Ó ń tọrọ rẹ̀ ṣáá, bàbá ń sọ ohun kan náà ṣáá.

Ibà ló pa bùrọ̀dá. Wọ́n pè é ní ibà lásán, wọ́n ní kó lọ sùn, ọ̀sẹ̀ yẹn kò sì parí tó fi lọ. Ìyá kó aṣọ rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ó kó àwọn kọ́míìkì sínú àpótí, ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọmọ náà lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí. Kì í ṣe ìkórìíra. Ọkàn obìnrin náà kò lè gbé e ni. Bàbá kò sì fi bẹ́líìtì há nǹkan kan mọ́ ikùn mọ́. Wọn kò ya fọ́tò ọmọ náà rí. Ọmọbìnrin eléjìí kò gbọdọ̀ sunkún, ó bá ń bínú, ìgbà yẹn ló bẹ̀rẹ̀. Ìyá kú, bàbá tẹ̀lé e, ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ohun tó ṣẹ́kù ni pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Àǹtí Gbígbóná á ti ilẹ̀kùn, á ṣí àpótí, á máa fi ìka tọ ibi tí lẹ́ẹ̀dì tí bùrọ̀dá fi ya àwòrán ti tẹ páálí wọlé. Kò sí ibòmíràn láyé tó ti lè fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ onígbàjámọ̀ yìí, ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀rọ tó fi ń gé irun lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó tún ibẹ̀ ṣe, tó ra dígí tuntun àti àga aláwọ tó ń yí, ó wá bá a nídìí tábìlì.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní àwọn kọ́míìkì yẹn. Mo fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù lọ́ṣọ̀ọ́."

"Báwo lo ṣe fẹ́ ṣe é?"

"Inú gíláàsì ni màá fi wọ́n sí, màá gbé wọn kọ́ ògiri. Ìyókù, ẹ jẹ́ kó yà yín lẹ́nu."

Obìnrin tí inú rẹ̀ kì í rọ̀ bọ̀rọ̀, inú rẹ̀ rọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ bùrọ̀dá yóò wà lára ògiri, àwọn èèyàn yóò máa wò ó. Ó gbé àpótí fún un, ó ní kó tọ́jú wọn bí ojú rẹ̀. Onígbàjámọ̀ ní bí ojú òun ni.

Lọ́jọ́ tó ṣí ṣọ́ọ̀bù padà, Àǹtí Gbígbóná wọlé pẹ̀lú épúrọ́ọ̀nù iṣẹ́ lára. Ọkùnrin kan wà lórí àga, wọ́n ti gé irun rẹ̀ dé ìdajì, àwọn mìíràn sì jókòó, wọ́n ń retí tiwọn. Ògiri ń dán. Àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ewé, àwọ̀ àlùkò, gbogbo rẹ̀ ń dán yanranyanran nínú gíláàsì. Láàárín wọn ni Bàtà Onítáyà wà, aṣọ ìyeyè lọ́rùn, akoto lábíyá, tó ń fi eyín ṣe fáàrí. Irunmú ńlá wà lójú rẹ̀. Ọkùnrin ni.

"Ẹ wò wọ́n, àǹtí," ni onígbàjámọ̀ wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "Èèpo wọn gan-an nìyí. Mo rí ẹnì kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ní gbogbo ẹ̀. Ó fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, mo gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé."

"Àwọn páálí ńkọ́?"

"Páálí wo?"

"Páálí tó wà lára wọn."

"Àwọn jágbajàgba ọmọdé yẹn? Òwú wọn ti jẹrà, àǹtí. Mo rọra tú u, ìwé ò tiẹ̀ ya rárá. Mo ti kó wọn síta fún àwọn tó ń kó pépà."

Ó tú épúrọ́ọ̀nù rẹ̀ jù sílẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilẹ̀kùn, nítorí wọ́n mọ ohun tó ń bọ̀. Ó ní, "Orí ẹ dà rú ni?" Ó sì bọ́ sí títì.

Ibi tí wọ́n ń kó pépà sí wà lẹ́yìn gáréèjì ọkọ̀ akẹ́rù. Ó sáré débẹ̀ pẹ̀lú sálúbàtà, àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀lé e, irun oníbàárà wà lára aṣọ rẹ̀. Òkè pépà ni wọ́n bá, àti ẹ̀rọ kan tó ń tẹ̀ wọ́n pọ̀ di òkìtì onígun mẹ́rin. Àǹtí Gbígbóná wọ inú òkè náà, ó ń tú u. Páálí bàtà, páálí ọṣẹ, páálí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà dúró, ó ní, "Ìyá, kí lẹ ń wá? Páálí ni gbogbo ẹ̀."

"Páálí funfun. Àwòrán wà lára ẹ̀."

"Bó bá ti ju àná lọ, ó ti wọkọ̀ lọ nìyẹn. Wọ́n á ti rì í sómi báyìí."

Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ó bú ọkùnrin náà, ó bú ẹ̀rọ rẹ̀, ó bú awakọ̀ tí kò sí níbẹ̀, ó bú ẹni tó kọ́kọ́ rò ó pé kí wọ́n máa sọ pépà di pépà. Ọkùnrin náà kò ṣe é ní nǹkan kan. Wọ́n ní ìbínú kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Obìnrin náà yọ̀ ṣubú bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè yẹn, síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ kò sinmi títí wọ́n fi padà dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀.

Gbogbo èèyàn ti lọ, àfi ọkùnrin onídajì irun. Ibo ni yóò gbé orí bẹ́ẹ̀ gbà? Ó jókòó sórí àga, ó ń wo dígí bí ẹni tí kò sí nílé.

"Yọ ẹni burúkú onírunmú yẹn kúrò lára ògiri," ni Àǹtí Gbígbóná wí.

Onígbàjámọ̀ yọ ọ́.

"Ṣé o fọ́jú ni? O rí ojú mi lára páálí, o ò dá a mọ̀? O rí èjí mi?"

"Mo dá a mọ̀, àǹtí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín yà á. Mo ní ojú á máa tì yín ni."

"Èmi? Ìgbà wo ni mo ya nǹkan rí? Bùrọ̀dá ló yà á. Gbogbo ẹ̀, ọwọ́ bùrọ̀dá ni. Kò fi aṣọ sílẹ̀, kò fi fọ́tò sílẹ̀. Ohun tó fi sílẹ̀ láyé nìyẹn, ìwọ lo sì kó o síta mọ́ páálí ọṣẹ. Ọmọ ìyá ẹ. Ọ̀tá ò lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Onígbàjámọ̀ gbé gíláàsì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rọra jókòó sórí àpótí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń gùn bí wọ́n bá wá gé irun.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Ta ni ì bá sọ fún mi? Ṣé bàbá ni? Àbí ẹ̀yin? Ẹ̀ẹ̀kan péré ni màmá sọ ọ́, nígbà tí ara wọn ò yá, tí mo ń gé irun wọn lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní ọ̀kan nínú ọmọ àwọn fẹ́ rí èèpo ìwé, ẹyọ kan péré, àwọn ò jẹ́ kó rí i. Mo ní, ọmọ wo, màmá? Wọ́n yíjú sí ògiri. Ohun tí mo mọ̀ nípa ẹ̀ nìyẹn, àǹtí, pé ó fẹ́ rí èèpo ìwé. Ìyẹn ni mo ṣe wá a. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹni tó ní i. Mo ní, bó bá wà níbi tó lè rí wa, kó rí i."

Inú túbọ̀ bí Àǹtí Gbígbóná. Ó wo ògiri, ó wo èèpo tí ọmọ náà tọrọ títí tó fi kú, tí wọ́n ń tàn yanranyanran. Ó fẹ́ gbé ìbínú náà lé àbúrò rẹ̀ tó kó páálí dà nù, kò sì rí ibi tí yóò gbé e lé lára rẹ̀ mọ́. Ó bínú sí bàbá tó ní wọ́n ń ka èèpo. Ó bínú sí ìyá tó kọjú sí ògiri. Ó rántí gbogbo ìgbà tí òun ti ilẹ̀kùn kó tó ṣí àpótí yẹn, tí àbúrò rẹ̀ wà níta, tó ń kanlẹ̀kùn, tí òun sì ń ní kó lọ ṣeré. Ìyẹn ló dùn ún jù.

"Ò bá ti bi mí," ó ní, ohùn rẹ̀ ṣì le. "Ẹnu ẹ wà lára ẹ."

"Mò ń bi yín báyìí. Bùrọ̀dá, bùrọ̀dá lẹ ń pè é látàárọ̀. Kí lorúkọ ẹ̀?"

Ó la ẹnu láti bú u, orúkọ náà ló wá sẹ́nu. Kò pe orúkọ yẹn rí láyé rẹ̀. Nígbà tó wà láàyè, ẹ̀gbọ́n ni, àbúrò kì í pe ẹ̀gbọ́n lórúkọ. Nígbà tó kú, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pè é. Ọmọ tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà nígbà tó kú, òun sì ti ní ewú lórí báyìí. Ó pe orúkọ náà, pẹ̀lú ìbínú, bí ìyá ṣe ń pe ọmọ tó pẹ́ níta.

Ọkùnrin onídajì irun yọ aṣọ funfun kúrò lọ́rùn, ó rọra jáde.

Onígbàjámọ̀ gbìyànjú orúkọ náà. Ó fi ẹnu kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pè é, ó ń wo ẹ̀yìn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gbá mú.

"Pè é sókè," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. "Màmá ti kú."